Ìwé iṣẹ́: bí a ṣe yan ààbò kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan n'Íbàdàn

Lẹ́yìn tí ọṣẹ́ ti ṣẹlẹ̀ tán ni wọ́n tó pè mí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni: òṣìṣẹ́ mẹ́sàn-án, kọ̀ǹpútà 11, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá kan tó tún ń ṣe fótókọ́pì, kámẹ́rà mẹ́rin lára ògiri, àti WiFi tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo fáìlì inú fóódà tí wọ́n jọ ń lò ti yí orúkọ padà. Excel kò ṣí, Word kò ṣí. Fáìlì kan ṣoṣo tó ń ṣí ni lẹ́tà tí àwọn ọlọ́ṣà fi sílẹ̀, tí wọ́n fi ń béèrè owó ìràpadà ní Bitcoin.

Wọn kò san kọ́bọ̀. Wọ́n ní háàdì dísìkì tí wọ́n ń kó ẹ̀dà ìpamọ́ sí, ṣùgbọ́n tọ̀sán tòru ló wà lára kọ̀ǹpútà, nítorí náà òun náà bá a lọ. Ohun tó yọ wọ́n ni fláṣì tí akọ̀wé kan gbé lọ sílé ní oṣù tó ṣáájú, àti káàdì ìdáwó tí kálukú ọmọ ẹgbẹ́ tọ́jú sílé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kó káàdì wọn wá, a tò wọ́n lórí tábìlì, wọ́n sì tún ìwé kọ láti ibẹ̀.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń gbàgbé nírú àkókò yìí. Òfin Ìdáàbòbo Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ NDPC (àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí) létí, bí jàǹbá náà bá lè pa àwọn tó ni ìsọfúnni lára. BVN, nọ́ńbà fóònù àti fọ́tò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú fóódà yẹn. A yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, a kọ lẹ́tà sí NDPC, ó lọ, kí a tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe kankan.

Ìpele 1: Kíkọ gbogbo ohun tó wà nílé sílẹ̀

Ìwé àti bírò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Fún kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan: ta ló ń lò ó, Windows wo ló wà lórí rẹ̀, irú processor wo ni, ibo ni laísẹ́ǹsì rẹ̀ ti wá. Èsì rẹ̀ kò dùn. Méjì ṣì wà lórí Windows 7, èyí tí Microsoft ti pa tì láti 14 oṣù Kìíní 2020. Mẹ́sàn-án wà lórí Windows 10, gbogbo wọn pátá ni wọ́n sì fi activator (irinṣẹ́ tó ń jẹ́ kí Windows ṣiṣẹ́ láìsanwó) já.

Nígbà náà ni mo ṣí PowerShell, mo tẹ èyí:

`Get-MpPreference | Select-Object ExclusionPath`

Àṣẹ yìí máa ń fi àwọn fóódà tí wọ́n ní kí Defender, antivirus inú Windows, má yẹ̀ wò hàn. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà, fóódà activator wà níbẹ̀. Ó yé mi: Defender máa ń dí activator lọ́wọ́, nítorí náà ẹni tó fi Windows já ní láti sọ fún un kó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà akáúńtáǹtì, ohun tí mo rí ni `C:\`. Gbogbo dísìkì! Antivirus wà lórí iṣẹ́, àmì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ewé, kò sì yẹ nǹkan kan wò. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn gba ọdẹ sílé, tó tún ti ọdẹ mọ́ inú yàrá.

Ìròyìn ayọ̀ díẹ̀ wà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì lókè òkun ni wọ́n máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ Windows wọn sínú BIOS (sọ́fúwíà inú pátákó kọ̀ǹpútà) láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n. Mo yẹ̀ ẹ́ wò báyìí:

`wmic path softwarelicensingservice get OA3xOriginalProductKey`

Méje nínú mẹ́sàn-án ló ní kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ nínú. Ẹni tó tà wọ́n ti sanwó Windows mọ́ ọn, oníṣẹ́ tó wá lẹ́yìn kò mọ̀, ó sì já ohun tí wọ́n ti sanwó fún. Bí ẹ bá fẹ́ ra laísẹ́ǹsì fún ilé iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ àṣẹ yìí. Owó gidi ló fi pamọ́ fún wa. Bí Windows tuntun bá ti yọ wmic kúrò, ẹ lo èyí nínú PowerShell:

`(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey`

Ìpele 2: Ọ̀nà tí olè gbà wọlé

Mo ṣí Event Viewer lórí kọ̀ǹpútà akáúńtáǹtì, mo lọ sí Security. Event ID 4625 ni Windows fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan fẹ́ wọlé, kò rí i wọ̀. Ó kún ibẹ̀ bámúbámú, òru mọ́jú, láti adírẹ́sì tí kì í ṣe ti Nàìjíríà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 4624 kan yọ, Logon Type 10, ìyẹn ni pé ẹnì kan ti gba Remote Desktop (ọ̀nà tí èèyàn fi ń lo kọ̀ǹpútà láti ibi jíjìn) wọlé. Orúkọ tó lò ni «admin». Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀? Orúkọ ẹgbẹ́ àti 123.

Ta ló ṣí Remote Desktop sí ìta? Oníṣẹ́ tó ta sọ́fúwíà ìwé owó fún wọn ni. Ó fẹ́ máa tún nǹkan ṣe láti ilé rẹ̀, ó wọ inú ráútà, ó darí ojú-ọ̀nà 3389 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà Remote Desktop) tààrà sí kọ̀ǹpútà náà. Kò ní ìkà nínú, iṣẹ́ ló fẹ́ yá. Kò sì sí ẹni tó bi í pé kí ló ṣe.

Ìpele yìí ló yẹ kó ṣáájú ríra ohunkóhun. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà tí olè gbà, ohun tí oníṣòwò bá ní lọ́jà ni yóò sọ fún yín pé ẹ nílò.

Ìpele 3: Àwọn oníṣòwò dé

Ìgbìmọ̀ ti pe àwọn oníṣòwò mẹ́ta kí n tó dé, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó níbẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ gbé àpótí firewall (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ńlá kan wá: ₦3,400,000, lẹ́yìn náà ₦1,150,000 lọ́dọọdún. Ẹnì kejì fẹ́ ta antivirus olówó fún kọ̀ǹpútà 11. Ẹnì kẹta ní òun yóò máa fi ojú ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ní wákàtí 24, a ó sì máa sanwó lóṣooṣù.

Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn:

- Nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, èwo ni ohun tí ẹ gbé wá yìí ìbá dá dúró?
- Bí a kò bá rí owó ọdún kejì san, kí ló ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló dákẹ́?
- Wátì mélòó ló ń jẹ?
- Ṣé ẹ lè fi sílẹ̀ fún wa kí a fi dánwò ká tó sanwó?

Àpótí àkọ́kọ́ ìbá ti ojú-ọ̀nà 3389 pa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ráútà tó wà nílẹ̀ náà lè tì í láìgba kọ́bọ̀. Bí owó ọdún bá tán, ìmọ̀ nípa kòkòrò tuntun á dúró, àpótí á sì máa ṣe iṣẹ́ ráútà lásán. Antivirus ti ẹnì kejì dára, n kò ní bà á jẹ́, ṣùgbọ́n orí Windows jíjá ni wọn ó gbé e lé. Iṣẹ́ ẹnì kẹta ni mo mọyì jù, ó kàn jẹ́ pé kò sí ohun tí wọn ó máa ṣọ́ ní ọ́fíìsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹ pe irú wọn nígbà tí ilé bá ti tò.

Bàbá alága bi mí ní gbangba pé, «Ṣé ohun tó wọ́n kọ́ ló dára jù?» Mo ní, «Ẹ̀yin bàbá, ẹ rántí 19 oṣù Keje 2024. Àtúnṣe kan tí kò pé láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, tí àwọn báńkì àti ilé iṣẹ́ bàálù ńláńlá ń san owó gọbọi fún, ló mú kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 dákú lẹ́ẹ̀kan náà.» Ó rẹ́rìn-ín. Ìgbìmọ̀ fún mi ní ààyè láti gbé ètò tèmi wá.

Ọ̀nà tí mo tò ó nìyí: ẹ̀dà ìpamọ́ ni kí owó kọ́kọ́ lọ sí, Windows tòótọ́ ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pínpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn kan yóò ní kí firewall ṣáájú. N kò gbà. Bí firewall bá kùnà, ẹ̀dà ìpamọ́ ni yóò gbà yín. Bí ẹ̀dà ìpamọ́ bá kùnà, kò sí ohun tí firewall lè ṣe sí i.

Ìpele 4: Windows

A pa gbogbo dísìkì rẹ́, a tún Windows tò láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò gbìyànjú láti fi antivirus fọ ohun tí ọlọ́ṣà ti wọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun lè fọ̀ ọ́ mọ́, ẹ bi í bó ṣe fẹ́ fi hàn yín pé ó mọ́.

Méje tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú BIOS dá ara wọn mọ̀ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Mẹ́rin nínú wọn ní processor Intel ìran kẹjọ sókè àti TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà tí Windows 11 ń béèrè), nítorí náà wọ́n lọ sórí Windows 11. Mẹ́ta jẹ́ ìran kẹfà, wọn kò gba Windows 11, wọ́n dúró lórí Windows 10 (mo máa padà sórí wọn). Méjì tó kù kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Nígbà tí mo ṣírò iye laísẹ́ǹsì Windows Pro tuntun, ó ju iye kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ìran kẹjọ tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú lọ. A lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, a ra méjì ní ₦245,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a tó sanwó, mo tẹ àṣẹ OA3 yẹn níwájú ẹni tó tà á. Ó wò mí bí ẹni tó rí àjèjì, ó sì gbé òmíràn jáde nígbà tí àkọ́kọ́ fi òfìfo hàn.

Méjì tó wà lórí Windows 7 gba Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó rọ́pò Windows. Lẹ́tà títẹ̀ àti ìmeèlì nìkan ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Àwọn tó ń lò ó kùn fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí i pé ó yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Antivirus: Defender tó bá Windows wá ni mo fi sílẹ̀. Mo tan Tamper Protection, tí kì í jẹ́ kí nǹkan mìíràn pa Defender, mo sì yọ ẹ̀tọ́ administrator kúrò lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi sọ́fúwíà sí i yóò pe ẹni tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà náà. Ìgbésẹ̀ kan yìí ló fa ariwo jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, òun náà ló sì wúlò jù nínú gbogbo ohun tí kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Àtúnṣe tuntun Windows: kọ̀ǹpútà kan ní ìdí ìgbàlejò ló kọ́kọ́ ń gbà á, àwọn yòókù tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ẹ̀kọ́ 2024 nìyẹn.

Ìpele 5: Firewall tó jẹ bátìrì

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kò yọrí sí rere. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní sítọ́ọ̀, mo gbé OPNsense, sọ́fúwíà firewall, sí i, nítorí ọ̀fẹ́ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó nílò ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Ihò Realtek tó wà lára rẹ̀ ń já bí iṣẹ́ bá pọ̀, nítorí náà a ra káàdì Intel, ₦38,000. Íntánẹ́ẹ̀tì dúró ṣinṣin.

Nígbà tó di pé NEPA mú iná lọ, tí inverter gbà á, wọ́n pè mí pé bátìrì ń tán kíá ju ti tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà tówà yẹn ń jẹ ju wátì 50 lọ, tọ̀sán tòru. Lọ́jọ́ kan bátìrì tán pátápátá, ó kú láìjẹ́ pé wọ́n pa á dáadáa, kò sì jí mọ́ nítorí UFS, ọ̀nà ìtò fáìlì àtijọ́, ni mo fi tò ó. Mo tún un tò pẹ̀lú ZFS, èyí tó máa ń fara da iná tó lọ lójijì, ó sì jí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bátìrì kò yí padà.

A pa á tì. A ra ráútà kékeré kan, MikroTik hEX, ₦118,000. Kò kọjá wátì 10, kódà UPS kékeré lè gbé e fún ìgbà pípẹ́. Lórí ìwé, OPNsense mọ nǹkan púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ wa níbí, ẹ ka wátì mọ́ iye owó.

Kí ẹ tó so MikroTik mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe àwọn nǹkan yìí: ẹ gbé RouterOS (sọ́fúwíà inú rẹ̀) lọ sí èyí tó tuntun jù, ẹ dá orúkọ tuntun, ẹ pa «admin» rẹ́, ẹ ti Winbox, telnet àti ojú-ìwé rẹ̀, àwọn ọ̀nà tí a fi ń darí ráútà náà, pa láti ìta. Ní 2018, àbùkù kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní CVE-2018-14847 jẹ́ kí àwọn ọlọ́ṣà máa ka ọ̀rọ̀ aṣínà láti inú ráútà MikroTik tí Winbox rẹ̀ ṣí sí ìta. Ilé iṣẹ́ náà ti gbé àtúnṣe jáde nínú oṣù Kẹrin ọdún yẹn. Àwọn tí kò gbé e wọlé ni ọṣẹ́ náà bá.

Ìpele 6: Pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Switch (àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ti ń pàdé) tó wà nílẹ̀ kò mọ VLAN (ọ̀nà láti pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ọ̀pọ̀, tí ọ̀kan kò fi ní rí èkejì), nítorí náà a ra ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n, ihò 24, ₦165,000. A pín ilé sí mẹ́rin:

- VLAN 10: kọ̀ǹpútà ìwé owó
- VLAN 20: àwọn òṣìṣẹ́ yòókù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
- VLAN 30: WiFi, fún àlejò àti fóònù òṣìṣẹ́, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan
- VLAN 40: kámẹ́rà, tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá

Bí mo ṣe tan `vlan-filtering` lórí bridge, ráútà tì mí síta. N kò tíì fi ihò tí èmi fúnra mi wà sínú VLAN kankan. Winbox kò rí i mọ́, kódà pẹ̀lú adírẹ́sì MAC. Mo tẹ bọ́tìnnì reset, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú Safe Mode ni mo ti ń ṣiṣẹ́: nínú terminal, ẹ tẹ Ctrl+X kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ráútà bá tì yín síta, á yí gbogbo ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe padà fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lára ògiri ọ́fíìsì yín.

Ìjà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tẹ̀ lé e. Àwọn ìwé owó kò lè tẹ nǹkan jáde mọ́, nítorí VLAN 10 ni wọ́n wà, VLAN 20 ni ẹ̀rọ náà wà. Òfin kan tó gba ojú-ọ̀nà 9100 láyè láti 10 sí adírẹ́sì ẹ̀rọ náà ló yanjú rẹ̀. Ẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní adírẹ́sì tí kì í yí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfin yín yóò máa wá a kiri.

Ẹ̀rọ yẹn kan náà fẹ́ máa fi ìwé tó bá yà sínú fóódà kọ̀ǹpútà, SMBv1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì, nìkan ló sì gbọ́. SMBv1 ni WannaCry, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa láti béèrè owó, gbà wọ ayé ní oṣù Karùn-ún 2017, bẹ́ẹ̀ Microsoft ti gbé àtúnṣe MS17-010 jáde láti oṣù Kẹta. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀ mí pé kí n kàn tan SMBv1 padà lórí kọ̀ǹpútà kan péré. Mo kọ̀ jálẹ̀. Fláṣì kan ni wọ́n ń kì bọ ara ẹ̀rọ náà báyìí, wọ́n ń ya ìwé sí i, kò sì kúrò níbẹ̀ bí kò ṣe lọ sí kọ̀ǹpútà kan pàtó tí AutoPlay rẹ̀ ti kú.

Èyí tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi ni sọ́fúwíà ìwé owó. SQL Server Express, database ọ̀fẹ́ ti Microsoft, ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀yáwó ní VLAN 20 nílò rẹ̀, nítorí náà mo ṣí ojú-ọ̀nà tí mo rí i tó ń lò. Ó ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n tan kọ̀ǹpútà, ó kú. SQL Express máa ń mú ojú-ọ̀nà tó bá wù ú nígbà tó bá jí. Ẹ wọ SQL Server Configuration Manager, TCP/IP, IPAll. Ẹ pa ohun tó wà nínú TCP Dynamic Ports rẹ́, ẹ kọ 1433 sí TCP Port, ẹ tún iṣẹ́ náà tan. Láti ọjọ́ yẹn kò yọ wá lẹ́nu mọ́.

Oníṣẹ́ sọ́fúwíà ńkọ́? A ti ojú-ọ̀nà 3389 pa, a fún un ní WireGuard (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ní kọ́kọ́rọ́, tí a fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ìta), èyí tó wà nínú RouterOS 7 fúnra rẹ̀. Pípa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà. Tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, á pe ọ́fíìsì, wọ́n á tan án, wọ́n á pa á tó bá parí. Ó bínú díẹ̀. Ó ti gbà báyìí.

DNS (ohun tó ń sọ orúkọ ojú-ìwé di adírẹ́sì) gbogbo ilé: 9.9.9.9 ti Quad9, tó máa ń kọ̀ láti darí èèyàn sí ojú-ìwé tí wọ́n mọ̀ pé ó ní kòkòrò. Ọ̀fẹ́ ni.

Ìpele 7: Ẹ̀dà ìpamọ́

Ìlànà 3-2-1 ni a tẹ̀ lé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi ohun méjì, ọ̀kan jìnnà sí ilé.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ máa da fáìlì database kọ bó ṣe wà. Kò ṣeé ṣe: bí SQL Server bá wà lójú iṣẹ́, ó ti di fáìlì `.mdf` mú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà náà. Express kò ní SQL Agent tó lè máa ṣe é láago tí a bá dá fún un, nítorí náà Task Scheduler ti Windows ni mo lò:

`sqlcmd -S .\SQLEXPRESS -E -Q "BACKUP DATABASE iwe_owo TO DISK='D:\eda\aje.bak' WITH INIT, CHECKSUM"`

Orúkọ ọjọ́ ló wà lára fáìlì náà, aje, iṣegun, ọjọru, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ti ọ̀sẹ̀ yìí ló ń bo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mọ́lẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́ dá èyí padà: `Operating system error 5(Access is denied.)`. Mo rò pé èmi ni kò ní ẹ̀tọ́. Kì í ṣe èmi. Àkáǹtì tí iṣẹ́ SQL Server fúnra rẹ̀ ń lò ló ń kọ fáìlì náà, òun ni kí ẹ fún ní ẹ̀tọ́ láti kọ sínú `D:\eda`. Fún Express, orúkọ rẹ̀ ni `NT Service\MSSQL$SQLEXPRESS`.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo fi í sí lákọ̀ọ́kọ́. Ní aago mẹ́fà, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, wọ́n ti lọ sílé. Aago kan ààbọ̀ ọ̀sán ló wà báyìí, nígbà tí iná kò lè má sí, tí gbogbo èèyàn sì wà nídìí oúnjẹ.

Háàdì dísìkì ìta méjì, 2TB, ₦115,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ọ̀kan wà nílé akápò. Ní ọjọ́ Ẹtì wọ́n máa ń pààrọ̀ wọn. Wọn kì í kì í bọ kọ̀ǹpútà àfi tí wọ́n bá fẹ́ da nǹkan kọ sí i, lẹ́yìn náà wọ́n á yọ ọ́. Ẹ̀dà kẹta ń lọ sí ìkùukùu (cloud, ibi ìpamọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì), lẹ́yìn tí 7-Zip bá ti fi AES-256 dì í, kí ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ aṣínà má lè kà á.

Ìdánwò tó jẹ́ ìdánwò ni pé ká gbé ẹ̀dà náà jí lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. A ṣe é: a ka iye ọmọ ẹgbẹ́, a ṣe àròpọ̀ gbogbo ìdáwó, a fi wé ti ọ́fíìsì. Ó bá mu dé kọ́bọ̀. Láti ìgbà náà, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n sì ń fọwọ́ sí ìwé.

Ìpele 8: Èèyàn

KeePassXC ni a fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ aṣínà. Àwọn tó ṣe pàtàkì jù wà nínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, lọ́dọ̀ Bàbá alága. A kò fi dandan mú kí ẹnikẹ́ni yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lóṣooṣù. Kódà NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, kò fọwọ́ sí àṣà yẹn mọ́, nítorí ohun tí èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi 1 sí ìdí ti àná. A ní kó gùn, kó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe.

Ìmeèlì gbogbo wọn gba ìfìdímúlẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì, pẹ̀lú áàpù lórí fóònù. N kò lo SMS, nítorí ọlọ́ṣà tó bá gba SIM yín lọ́wọ́ àwọn elétò fóònù ti gba kóòdù yín náà.

Màmá akápò ní, «Ọmọ mi, gbogbo èyí tí o ṣe yìí, bí ẹni tí mo mọ̀ bá kọ ìmeèlì sí mi pé kí n san owó kọ́ńtírátọ̀ sí àkáǹtì mìíràn ńkọ́?»

Mo ní, «Mà, ẹ̀rọ kankan kò lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wà nínú ìmeèlì yẹn.»

Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun. Òun ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí, níbi tí bébà WiFi wà tẹ́lẹ̀.

Owó

MikroTik ₦118,000. Switch ₦165,000. Háàdì dísìkì méjì ₦230,000. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ méjì ₦490,000. UPS kan fún ráútà àti switch ₦95,000. Wáyà àti orí rẹ̀ ₦18,000. Káàdì Intel tí kò níṣẹ́ mọ́ ₦38,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦1,154,000, láìka owó iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́ ọn. Owó ọdọọdún nìkan tí oníṣòwò àkọ́kọ́ béèrè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù nílẹ̀

Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ìran kẹfà ni. Microsoft dá àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Fún ilé iṣẹ́, wọ́n ń ta àtúnṣe ààbò àfikún ní 61 dọ́là fún kọ̀ǹpútà kan ní ọdún kìíní, ìlọ́po méjì ni lọ́dún kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, kò sì kọjá ọdún mẹ́ta. Mo ṣírò rẹ̀ fún ìgbìmọ̀: ní ọdún mẹ́ta, ó ju iye kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tuntun lọ. Wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí a ra mẹ́ta mìíràn nígbà tí owó ìpín ọdún bá jáde. Kí ó tó dìgbà yẹn, mo ti gba íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára wọn. Ojú-ọ̀nà 1433 àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nìkan ni wọ́n ń rí. Ẹ̀ka ẹ̀yáwó ló ń lò wọ́n, wọ́n sì ti ń béèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ pé ìgbà wo ni wọn ó rí WhatsApp Web padà.